‘Ẹ Ṣé’ àti ‘Thank You’

Ẹ jẹ́ kí a ti ọjà Òjé ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà aṣọ òkè ní ìtàdógún-ìtàdógún. Bí ènìyàn bá ra aṣọ tán, ẹni tí ó tà á yóò wí pé, ‘Ẹ ṣé o. Ẹ ó wọ̀ ọ́ gbó.’ Oníbàárà yóò dáhùn pé, ‘Ọjà á tà o.’

Ǹjẹ́ ‘Ẹ ṣé’ àti ‘Thank you’ dọ́gba bí? Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orísun kan náà ni ‘thank’ àti ‘think’, èyí tí í ṣe ríronú, ní. Inú ọkàn ẹni tí ń dúpẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti sú yọ. ‘Ẹ ṣé’ ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí iṣẹ́ ọwọ́ olóore. Bí oore bá tóbi, ilẹ̀ yóò mọ́, a ó sì tún lọ wí pé, ‘Ẹ ṣé àná o.’

Ibí yìí ni ìṣòro wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àgbà san owó ilé-ìwé fún, tí ó wí pé, ‘Thank you, sir,’ tí kò sì padà lọ ní òwúrọ̀, rò pé òun ti dúpẹ́ tán. Lójú àgbà náà, aláìmoore ni. Kò ní sọ fún un. Oore ni yóò kàn dáwọ́ dúró. Yinni-yinni, kí ẹni ó ṣe òmíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ti kọ́ wọn ní ‘Thank you’ tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wọn ní ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.