Ìbéèrè Tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Abẹ́rẹ́ Ìrìn-àjò

Bí a bá dárúkọ abẹ́rẹ́ ìrìn-àjò, ọ̀pọ̀ ènìyàn a rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ṣùgbọ́n Yábàá ní Èkó níhìn-ín ni àwọn oníṣègùn tí àjọ Rockefeller rán wá ní ọdún 1925 tẹ̀dó sí, láti wádìí ibà pọ́njú, ibà burúkú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí í sọ ẹyinjú ènìyàn di pupa rúsúrúsú. Ibà tí wọ́n ń dọdẹ náà sì dọdẹ wọn: Adrian Stokes kú sí Èkó ní 1927, Hideyo Noguchi kú sí Accra ní 1928. Ní 1927 yìí kan náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ará Gold Coast kan tí ń jẹ́ Asibi. Ara Asibi yá, ṣùgbọ́n kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ́ ní New York, nínú ẹran ara ọmọ adìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin, títí oró rẹ̀ fi rọ̀, tí ó sì di abẹ́rẹ́ 17D ní 1937. Àtọmọdọ́mọ kòkòrò Asibi ni wọ́n ń gún fún wa títí di òní.

Kòkòrò inú abẹ́rẹ́ náà kò kú. A kàn gba eyín ẹnu rẹ̀ ni. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ: ọ̀tá tí kò léyín ni a ń fi han ara, kí ara lè mọ ojú rẹ̀ kí ògidì ọ̀tá tó dé. Nítorí náà, bí orí bá ń fọ́ ẹni, tí iṣan ń ro ni, tí ara ń gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ẹnì kan sí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá, kì í ṣe ohun tí ó tó kí a ké gbàjarè sí.

Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Ara mìíràn wà tí kò ní ọmọ-ogun nílé, ọ̀tá tí kò léyín náà a sì jọba níbẹ̀: ó lè gun ọpọlọ, ó lè wọ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Èyí tí ó ń wọ ẹ̀dọ̀ ṣọ̀wọ́n, kò tó ẹnì kan nínú 100,000, ṣùgbọ́n ewu náà ń pọ̀ sí i fún ẹni tí ó ti lé ní 60 ọdún tí kò gbà á rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Martin Gore, àgbà oníṣègùn jẹjẹrẹ ní Ìlú Ọba, ẹni ọdún 67, kú lẹ́yìn tí ó gba abẹ́rẹ́ yìí ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Bí ọ̀mọ̀ràn bá lè bọ́ sínú rẹ̀, kí ni ti ọ̀gbẹ̀rì?

Mo rántí ọjọ́ kan tí mo jókòó ti nọ́ọ̀sì kan tí ń gún àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà, nítorí ilẹ̀ Saudi ń béèrè yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yìí, lọ́wọ́ àwa ará ibí. Ìyá àgbà kan ti ká apá bùbá rẹ̀ sókè kí ó tó jókòó.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo lẹ ń lò nílé?”

“Ọmọ mi, èmi ò lo nǹkan kan o. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ mi.”

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀, ó sì fa ọ̀rá dúdú kan yọ nínú báàgì. Prednisolone ni ó wà níbẹ̀, páálí mẹ́ta, tí ìyá ti ń gbé mì láràárọ̀ fún bí ọdún kan nítorí oríkèé tí ń ro ó. Oògùn yìí, bí ó ti ń pẹ̀tù sí ìrora, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ ara. Nọ́ọ̀sì rọra dé abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà. Ìyá bínú, ó ní wọ́n fẹ́ fi Mẹ́kà du òun. Kì í ṣe òpùrọ́; tiwa ni kí a máa fi àìsàn pamọ́ bí ẹni fi owó pamọ́, nítorí ọ̀tá. Ta ni ọ̀tá nínú yàrá nọ́ọ̀sì?

Irú ìbéèrè yẹn kan náà ni ó yẹ ẹni tí ẹyin adìyẹ máa ń bá ara rẹ̀ jà gidigidi, ẹni tí a ti pààrọ̀ kíndìnrín rẹ̀, ẹni tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹni tí kòkòrò HIV ti jẹ agbára ara rẹ̀ tán, àti ẹni tí àrùn wà ní thymus rẹ̀, ẹran kékeré ẹ̀yìn egungun àyà tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ gbà á rárá. Abiyamọ ńkọ́? Ní Brazil, ní 2009, ọmọ jòjòló kan kó kòkòrò abẹ́rẹ́ yìí láti inú ọmú ìyá rẹ̀, ó sì wọ ọpọlọ rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Síbẹ̀, bí ibà náà bá ń jà níbi tí aboyún tàbí abiyamọ ń lọ, tí ìrìn-àjò kò sì ṣeé yẹ̀, oníṣègùn lè ní kí ó gbà á, nítorí ibà pọ́njú fúnra rẹ̀, bí ó bá le, ń pa nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó bá mú. Kwárà tí kò jìnnà sí wa ni ó ti tún yọjú ní 2017.

Ẹni tí ó ti gbà á nígbà kan rí, kí ó tú àpótí rẹ̀ wò: láti oṣù keje 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ayé ẹni, káàdì àtijọ́ kò sì ṣá. Ti àwọn tí ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́, inú mi kì í dùn láti sọ ọ́: ẹni tí abẹ́rẹ́ yẹ kò ní ààbò, ẹni tí kò yẹ kò sì ní lẹ́tà.

Nítorí lẹ́tà wà. Òfin ìlera àgbáyé gbà kí dókítà kọ ọ́, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tí a ń lọ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Irú rẹ̀ ni ìyá àgbà mú lọ. Ní oṣù méjì lẹ́yìn náà ó padà wá, ó gbé ike kékeré kan fún nọ́ọ̀sì, omi sàmúsámù ni ó wà nínú rẹ̀; ó ní kí ó bu ún mu, kí ó má sì sọ iye ọjọ́ orí òun fún ẹnikẹ́ni.