Ẹjọ́ Tí Bàbá Kan Dá Nílé

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, bàbá kan tọ̀ wá wá níhìn-ín ní Rumuola. Ọmọbìnrin rẹ̀ yege nínú ìdánwò, ó sì fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n owó ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀, bàbá sì ti pinnu pé ọmọkùnrin òun ni òun yóò ná an fún. Ó ní, “Fadá, ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ.” A kò bá a jiyàn. Ìtàn kan ni a sọ fún un, òun náà ni a ó sọ fún yín.

Èkó ni a bí Modúpẹ́ Akingbehin sí ní ọdún 1922. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Queen's College, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1953. Ó ṣe adájọ́ májísíréètì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, a fi í jẹ adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní ìlú Benin. Ṣáájú rẹ̀, kò sí obìnrin Nàìjíríà kan tí ó dé ipò bẹ́ẹ̀ rí.

Lóòótọ́, ó lọ sí ilé ọkọ. Omo-Eboh, orúkọ ọkọ rẹ̀, ni ìtàn fi ń pè é. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó gbé kúrò nílé bàbá rẹ̀ bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnì kan ti la ọ̀nà díẹ̀ fún un. Ní ọdún 1943 ni Stella Thomas di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 26 kọjá kí ó tó kan Modúpẹ́. Ọdún 43 mìíràn tún kọjá kí Mariam Aloma Mukhtar tó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní ọdún 2012. Ní ìpínlẹ̀ tí a ń gbé yìí, Mary Odili jókòó ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga kí ó tó dé Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní ọdún 2011.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Ìwé Mímọ́ sọ ti Dèbórà, ẹni tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń gbé ẹjọ́ wọn lọ bá lábẹ́ igi ọ̀pẹ. A kò sọ pé kí adájọ́ obìnrin máa gbè sẹ́yìn obìnrin. Kí ó gbọ́ tọ̀tún tòsì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Níbẹ̀ ni a ti bi bàbá náà pé: “Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ tẹnu ọmọbìnrin yín?” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní rárá. Òun yóò pe àwọn ọmọ méjèèjì jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, gbogbo wa ni a ń dájọ́ nínú ilé wa. Kí Olúwa jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu olúkúlùkù kí a tó dá a. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.