Iyè Ẹ̀rọ Kì í Déédéé Ra

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní Ìkirè àti Àpòmù, ẹ kò ní tíì gbàgbé ọdún 2024. Ẹni tó bá lọ ra iná lọ́dọ̀ IBEDC nígbà náà, nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n ń fún un dípò ẹyọ kan, òǹkà ogún sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá tẹ méjì àkọ́kọ́ sínú mítà, iná tí ó bá rà lẹ́yìn ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún náà kò ní wọlé. Ta ni kò ní rò pé iyè mítà ti ra?

Iyè rẹ̀ kò ra rárá. Gbogbo nọ́ńbà tí a ń rà ni wọ́n fi ìṣẹ́jú tí a rà á pamọ́ sí nínú, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1993 ni wọ́n sì ti ń ka ìṣẹ́jú wọ̀nyí. Mítà a máa rántí èyí tí ó ti gbà, kí ẹnikẹ́ni má baà lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òǹkà náà kò ju ìṣẹ́jú mílíọ̀nù 16 ó lé díẹ̀ lọ. Ó kún lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan, àfi gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo mítà onílànà STS. Nọ́ńbà méjì yẹn ló pa ìrántí àtijọ́ rẹ́, tí ó sì sún ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà sí ọdún 2014.

Ó yẹ kí Àpòmù mọ ohun tí òǹkà lè dá sílẹ̀. Ìtàn sọ pé iye ataare tí wọ́n kà lọ́jà ibẹ̀ ni ìjà Òwu ti bẹ́, bẹ́ẹ̀ ìjínigbé tà lẹ́rú ti wà nílẹ̀ lọ́jà yẹn kí wọ́n tó ka ataare.

Àwọn ọmọ wa tí ń tan bọ́ọ̀dù tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ń bá wí. IC tí kì í gbàgbé bí iná tilẹ̀ lọ, èyí tí Fujio Masuoka ti iléeṣẹ́ Toshiba ní Japan fi han ayé ní 1984, ni a ń pè ní flash. Bí bọ́ọ̀dù bá kọ̀ tí kò tàn, wọn a ní flash ti bàjẹ́, wọn a sì jó o kúrò. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. IC mẹ́ta ni mo fi owó rà tí mo sì yọ dànù kí n tó rí wáyà kan tí kò kanlẹ̀ dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ bi í ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ flash ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò dá àṣẹ 9F lóhùn, tí yóò sọ ẹni tó ṣe é àti bí ó ti tóbi tó. Bí FF nìkan bá ń jáde, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má dáhùn rárá: ẹ wo wáyà, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ṣùgbọ́n tí kò gba ìkọ̀wé, ẹ wo ẹsẹ̀ tí ń tì í pa. Ẹ wọn iná rẹ̀ pẹ̀lú, fóólìtì 3.3 ni púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́; ṣùgbọ́n ìgbà tí ó ń kọ̀wé lọ́wọ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí ìgbà náà ni iná tí kò lágbára máa ń já wálẹ̀.

Bí wàláà ni flash rí. A ní láti fọ̀ ọ́ kí á tó kọ òmíràn sí i, nítorí ìkọ̀wé lè sọ 1 di 0, kò lè sọ 0 di 1. Ẹni tó bá kọ tuntun lé àtijọ́ tí kò fọ̀, wúruwùru ni yóò kà jáde, yóò sì dá IC lẹ́bi.

Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn bọ́ọ̀dù tí ẹ kó jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀kọ́ pé wọ́n ti kú ńkọ́? Ẹ kó wọn wá síhìn-ín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. N óò mú ẹ̀rọ ìwọnná mi dání.