Odi Carcassonne àti odi tiwa


Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí Carcassonne, ìlú olódi àtijọ́ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. A rìn yí odi náà ká títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá.

Lọ́dún 1849, ìjọba fẹ́ wó o. Cros-Mayrevieille, tó jẹ́ ọmọ ìlú náà, fárígá. Nígbà tó di 1853, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Lónìí, àlejò ló ń náwó níbẹ̀.

Ẹnì kan nínú wa bi mí pé, "Ìlú tìẹ ńkọ́, ṣé ẹ ní odi?" Mo ní a ní. Mi ò lè sọ pé a ti ń bu erùpẹ̀ rẹ̀ fi mọ búlọ́ọ̀kù.

Ojú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá èyí tó kù sí.