Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí Tí Ọmọ Wọn Wà Nínú Iṣẹ́ Ológun ní Amẹ́ríkà



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò dùn-ún gbọ́ létí. Àwọn ológun kan wà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ọ̀gá tàbí ẹlẹgbẹ́ wọn fi ipá bá lò pọ̀. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́.

Ọdún 1992 ni òfin Amẹ́ríkà kọ́kọ́ pèsè ìtọ́jú fún àwọn obìnrin irú wọn tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ní 1994, ó kan ọkùnrin. Ọ̀fẹ́ ni. Kò di dandan pé kí ẹni náà ti fi ẹjọ́ sùn rí. Láti 2005, ẹni tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá lè gba ìtọ́jú láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwa òbí ńkọ́? Bí ọmọ bá fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín, ẹ má ṣe bi í pé, “Kí ni o wá lọ síbẹ̀?” Ẹ má sì sọ pé irú rẹ̀ kì í ṣe ọkùnrin. Ẹ gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un pé ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan tí ń tọ́jú àwọn ológun àtijọ́ ní ẹni tí a yàn fún ọ̀ràn yìí. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ó fẹ́ kí ó tọ́jú òun, kí ó béèrè.