Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Ọ̀rọ̀ Lórí Bí Ìwé Owó Oṣù Wa Ṣe Ń Dé Báǹkì

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù)

A mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni, oorun sì wà lójú yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù, àti ohun tí àwọn aláṣẹ ń pè ní ẹ̀rọ tí ń dá fi ìwé ránṣẹ́.

Gbogbo wa la rántí oṣù tí à ń wí. Ilẹ̀ ọjọ́ owó kò tíì mọ́ tán tí fóònù ti ń dún. Àwọn Adé ti gbowó, àwọn Akin ti gbowó, àwọn Fá náà ti gbà. Nígbà tó kan àwọn Ọlá, àwọn Ọ̀ṣun, àwọn Ṣó àti àwọn Táíwò, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní kántíìnì pé báǹkì ti kórìíra ẹni tí orúkọ bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti O lọ sí Y. Yẹ̀yẹ́ náà kò pẹ́ tó fi kan. Ẹnì kan wà láàrin wa tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìdánwò bí owó ilé-ìwé kò bá wọlé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dúró. Àwọn aláṣẹ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A ní kí wọ́n mú wa dé ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ọ̀nà tí ìwé náà ń gbà hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bàbá mẹ́síńjà wa ni í gbé ìwé orúkọ lọ sí báǹkì. Pépà ni nígbà kan, ó di dísíkẹ́ẹ̀tì, ó tún di fíláàṣì tí wọ́n ń fi sínú àpò àyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Bàbá jókòó, pé kọ̀ǹpútà yóò máa kó orúkọ jọ fúnra rẹ̀ ní agogo méjì òru, yóò sì fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà báǹkì tí wọ́n ń pè ní sáfà. Kì í ṣe owó oṣù nìkan ló ń gba ọ̀nà yìí o. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì wa ń gbà á, ìwé owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ náà ń gbà á. Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé, ó kéré tán, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, kí agbanisíṣẹ́ dá 10, kí owó náà sì dé ibi tó ń lọ láàrin ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù. Bí owó bá dé tí ìwé orúkọ kò dé, owó náà kò mọ ilé ẹni tí yóò wọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé ìhòòhò ni ìwé wa ń rìn. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní FTP ni wọ́n ń lò. Ọ̀nà yìí ti pẹ́: ọdún 1971 ni Abhay Bhushan kọ ètò rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn tó ní kọ̀ǹpútà kò pọ̀, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn tán. Kò sẹ́ni tó ń ronú olè nígbà náà. Orúkọ, páásíwọ́ọ̀dù, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì, gbogbo rẹ̀ ni FTP ń gbé lọ gbangba, bí ìgbà tí ènìyàn bá kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sára dáńfó tó sì ní kó máa ná Ọ̀ṣòdì. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ti kà á.

Nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland ní ọdún 1995. Ẹnì kan dẹ pàkúté sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, ó ń kó páásíwọ́ọ̀dù àwọn ènìyàn. Tatu Ylönen, tó jẹ́ ará ibẹ̀, ló jókòó kọ ètò SSH ní ọdún náà, èyí tó ń bo gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá mọ́lẹ̀ kí olófòófó má lè kà á. Nígbà tó di ìparí ọdún 1999, àwọn oníṣẹ́ OpenBSD gbé OpenSSH jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Inú ọ̀nà tí SSH bò yìí ni SFTP ń rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ tàn yín jẹ. FTP àti SFTP jọra lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. A sọ èyí nítorí ọ̀gá kan sọ fún wa ní ìpàdé pé "ọ̀kan náà ni wọ́n, lẹ́tà kan ló yàtọ̀."

Wọ́n ti yí i padà sí SFTP báyìí, lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta tí a kọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tán síbẹ̀, ibí yìí gan-an la sì fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀.

Agogo méjì òru kò sí ènìyàn ní ọ́fíìsì tí yóò tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ páásíwọ́ọ̀dù náà sínú ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, gbogbo ẹni tó bá sì ti lè ṣí ìwé àṣẹ náà ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n lo kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo àgádágodo: ẹ lè gbé àgádágodo tó ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò lè fi ṣe yín ní ibi, nítorí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń bí kọ́kọ́rọ́ ní ìbejì. Ọ̀kan dà bí àgádágodo, òun la gbé fún báǹkì kí wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Èkejì kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wa láé. Ẹ̀rọ tó bá lè ṣí àgádágodo náà ni báǹkì yóò mọ̀ pé àwa ni.

Níwọ̀n ìgbà tí kò sì sí ẹni tí yóò dúró ti kọ́kọ́rọ́ yìí lóru, a gbọ́dọ̀ dín agbára rẹ̀ kù. Kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láti ibòmíràn àfi láti àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà wa. Fódà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ lè wọ̀ ní ọ̀dọ̀ báǹkì, kó gbé ìwé sílẹ̀, kó yí i lórúkọ, kó jáde. Kò gbọ́dọ̀ lè pa àṣẹ mìíràn. Iṣẹ́ kan, kọ́kọ́rọ́ kan: èyí tó ń gbé ìwé owó oṣù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń gbé ti ìfẹ̀yìntì. OpenSSH tiẹ̀ gbọ́n ju àwọn ọ̀gá kan lọ níhìn-ín, nítorí bí ó bá rí i pé ẹlòmíràn lórí kọ̀ǹpútà náà lè ka fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ wà, kò ní gbà láti lò ó.

Ẹ ó béèrè pé ta ló mú kọ́kọ́rọ́ tiwa. A béèrè bẹ́ẹ̀ náà. A rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe ètò náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tó gbé lọ. A kò pè é lólè o, ọmọ dáadáa ni, ó sì dá a padà nígbà tí wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin awakọ̀, ta ni nínú yín tó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n má gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gétì? Ti bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbà, ti orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n gbàgbé. Wọ́n ti sọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà di aláìwúlò, wọ́n sì ti ṣe tuntun.

Ohun kejì jọ ọ̀rọ̀ awakọ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹrù lọ sí sítọ̀ kan ní Àbá, ẹ ò ní já a fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá yọ sí yín tó ní òun ni ọ̀gá sítọ̀. Sáfà báǹkì ní àmì ìka tirẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà wa bá kàn án, yóò fi àmì yìí hàn, yóò sì béèrè bóyá ká gbà á. Ohun tó yẹ ni kí ènìyàn pe báǹkì lórí nọ́ńbà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ka àmì náà síra wọn létí, kó tó dáhùn. Láti ìgbà náà lọ, bí àmì bá yí padà lóru ọjọ́ kan, ẹ̀rọ yóò kọ̀, kò ní fi ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan wà tí ènìyàn lè kọ pé kí ẹ̀rọ má béèrè mọ́, kó máa gba ẹnikẹ́ni. A bá àṣẹ yẹn nínú ètò tiwa. Wọ́n ní ó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ni àwọn fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, kí ló gé àwọn Ọlá kúrò nínú owó? Ìwé náà ń lọ lọ́wọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ìdajì ló dé. Ẹ̀rọ báǹkì tó ń yẹ fódà wò ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú rí i, ó rò pé ó pé, ó gbé e, ó sanwó fún orúkọ tó rí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ètò mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, a kì í pe orúkọ rẹ̀ títí ọjọ́ ìkómọ yóò fi pé. Báyìí ni wọ́n ń ṣe ìwé owó oṣù nísinsìnyí. Nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ń fún un, báǹkì kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó bá gúnlẹ̀ tán ni kọ̀ǹpútà wa yóò yí i sí orúkọ gidi. Wọ́n tún ń fi ìwé kékeré kan tẹ̀ lé e bí wébìlì: iye orúkọ, àpapọ̀ owó, àti àmì kan tí ìṣirò SHA-256 ń mú jáde láti inú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí òdo kan péré bá yí padà nínú ìwé, àmì náà kò ní bára mu mọ́, báǹkì kò sì gbọ́dọ̀ sanwó kankan kí wọ́n tó pe ènìyàn.

Ẹnì kan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé tí ọ̀nà bá ti ní bíbò, ṣé ọkàn wa lè balẹ̀? Rárá. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Òyìnbó. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn olè orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Cl0p rí ihò lára MOVEit Transfer, ètò ìfìwéránṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Progress Software ń tà. Ilé-iṣẹ́ Zellis, tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ní Bìrìtìkó ṣe ìwé owó oṣù, ń lo ètò náà. Báyìí ni ìwé àwọn òṣìṣẹ́ British Airways, ti Boots àti ti BBC ṣe bọ́ sọ́wọ́ olè. Ti BBC, a gbọ́ pé ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Olè kò dá ìwé lọ́nà o. Ilé tí wọ́n kó ìwé jọ sí ló ní ihò, láti ojú wẹ́ẹ̀bù rẹ̀. Nítorí náà la ṣe ń béèrè pé kí wọ́n máa pa ìwé rẹ́ kúrò nínú fódà ní kété tí báǹkì bá ti jẹ́rìí pé ó dé. A bá ìwé ọdún méjì níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí? Wọ́n tún ń fi ọjọ́ ìbí wa àti àdírẹ́sì ilé wa sínú ìwé tí báǹkì kò fi ṣe nǹkan kan. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, kò fi àyè gba kí wọ́n máa kó ohun tí wọn kò nílò kiri.

Ó ku ọ̀rọ̀ Bàbá mẹ́síńjà. Àwọn aláṣẹ fẹ́ sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Àwa kò sọ pé kí ẹ̀rọ má wá, a kò fẹ́ kí Bàbá tún máa gun ọ̀kadà pẹ̀lú fíláàṣì lápò. Ohun tí a sọ ni pé ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tó ń wò ó ló jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Wọ́n gbà. Bàbá àti kíláàkì owó oṣù ló ń ṣí lọ́ọ̀gì búùkù ẹ̀rọ náà ní agogo méje àárọ̀ báyìí: iye orúkọ tó jáde, iye tí báǹkì rí gbà, àpapọ̀ owó. Bí ọ̀kan kò bá bá èkejì mu, fóònù yóò dún kí òṣìṣẹ́ tó dé gétì. Ó gba Bàbá ní ọ̀sẹ̀ kan láti kọ́ ọ. Ní oṣù tó kọjá, òun ló rí i pé orúkọ méjì dín.

Ohun méjì ni àwọn aláṣẹ kò tíì fọwọ́ sí: pípa ìwé àtijọ́ rẹ́, àti lẹ́tà tí yóò sọ orúkọ gbogbo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn yóò máa tún kọ nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fi ọ́fíìsì náà sílẹ̀. A ó tún bá wọn jókòó kí oṣù yìí tó parí. Ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá dín nínú oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kó mú sílíìpù owó oṣù àti àlàyé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí a tó lọ.