Kọ̀ǹpútà Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Ajé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Mọ̀

Ní àtijọ́, inú ìwé ńlá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń kọ gbèsè àti owó ìpamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí, a ó sì ti ìwé náà mọ́ inú àpótí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ mọ iye tí ó ní, akọ̀wé yóò ṣí àpótí, yóò sì kà á fún un. Lóde òní, inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ìyá aláta tí ó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà pẹ̀lú ẹ̀rọ POS ní ọjà abúlé kò rí ẹ̀rọ ńlá tí ó ń ṣe ìṣirò náà ní ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ ńlá náà bá dákú fún wákàtí kan péré, ọjà rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, bí ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń yan ẹ̀rọ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Owó àti àkọsílẹ̀ gbogbo ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀.

Ohun mẹ́rin tí ó gbọ́dọ̀ pé

Kọ̀ǹpútà ńlá tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àkókò kan náà ni à ń pè ní sáfà. Sáfà kì í dá ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ pé. Èkínní ni sáfà fúnra rẹ̀, tí ń ṣe ìṣirò. Èkejì ni ibi ìpamọ́, tí a ń kó àkọsílẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti ara ẹ̀rọ kan dé ara òmíràn. Ẹ̀kẹrin ni ètò tí a kò lè fi ọwọ́ kàn, tí ó ń pín sáfà kan sí ọ̀pọ̀ yàrá, gẹ́gẹ́ bí baálé ti ń pín ilé ńlá fún ìdílé púpọ̀, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lè gba ọ̀nà mẹ́ta kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni ó ní èrè àti àléébù.

Ọ̀nà kìíní: rírà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Èyí ni ó pẹ́ jù lọ. Olùrà ra sáfà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, ó ra ibi ìpamọ́ lọ́wọ́ òmíràn, ó sì ra ẹ̀rọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èrè rẹ̀ ni òmìnira: olùrà lè yan èyí tí ó dára jù nínú ohun kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ni àléébù rẹ̀ ń hàn. Ẹni tí ó ta sáfà yóò ní ibi ìpamọ́ ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó ta ibi ìpamọ́ yóò ní ọ̀nà ni ó bàjẹ́. Ẹni tí ó ta ọ̀nà yóò ní kí a tún sáfà wò. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, iṣẹ́ olùrà dúró.

Ọ̀nà kejì: àpapọ̀

Láti wá òpin sí irú àríyànjiyàn yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ẹ̀yà náà pọ̀ kí wọ́n tó tà wọ́n. Ní oṣù kẹta ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Cisco ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ UCS jáde, nínú èyí tí sáfà àti ọ̀nà wà lábẹ́ ìdarí kan ṣoṣo. Ní ọdún kan náà, Cisco, EMC tí ń ṣe ibi ìpamọ́, àti VMware tí ń ṣe ètò ìpínyàrá fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n sì gbé àpapọ̀ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vblock. Ní ọdún 2010, Cisco àti NetApp gbé FlexPod jáde.

Ìyàtọ̀ wà láàárín Vblock àti FlexPod. Vblock dà bí ẹ̀wù tí a rán tán kí a tó gbé e wá sí ọjà: wọ́n tò ó, wọ́n dán an wò, wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ olùrà ní odidi, pẹ̀lú ibi kan ṣoṣo tí olùrà lè ké sí nígbà ìṣòro. FlexPod dà bí ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ fún télọ̀: àwọn ilé iṣẹ́ náà tẹ ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ó ti to ẹ̀yà pọ̀, aṣojú tí olùrà yàn ni ó sì ń tò ó. Ti àkọ́kọ́ fúnni ní ìfọ̀kànbalẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti yí padà. Ti èkejì ṣeé mú bá ara olùrà mu, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ aṣojú tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa.

Ọ̀nà kẹta: àdàpọ̀

Ní ọdún 2009 kan náà ni a dá ilé iṣẹ́ Nutanix sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ ní ọdún 2011. Kò kàn to sáfà ti ibi ìpamọ́. Ó mú ibi ìpamọ́ wọ inú sáfà lọ. Ètò orí ẹ̀rọ ni ó wá so gbogbo àwọn sáfà náà pọ̀ di ọ̀kan. EMC àti VMware gbé irú tiwọn, VxRail, jáde ní ọdún 2016. Ní ọdún 2017, HPE ra SimpliVity, tí òun náà ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Èrè ọ̀nà yìí pọ̀ fún oníṣòwò kékeré. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ díẹ̀, kí ó sì máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un bí iṣẹ́ ti ń gbòòrò. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń kọ sí ara ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rọ kan bá kú, iṣẹ́ kò dúró.

Ṣùgbọ́n kí olùrà ṣe ìṣirò kí ó tó sanwó. Bí ó bá ra ẹ̀rọ mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba tẹ́rábáìtì 10, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń kọ àkọsílẹ̀, 15 ni ó kù fún un. Bí ẹ̀rọ kan bá sì kú, 20 ni yóò ṣẹ́ kù nínú 30, èyí tí kò lè gbà ju 10 lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ sùn kí ó hanrun kò gbọ́dọ̀ kó ju 10 sínú ohun tí a pè ní 30. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá jẹ́ pé ibi ìpamọ́ nìkan ni ó kún, ó lè di dandan kí olùrà ra sáfà tí kò nílò mọ́ ọn.

Ewu tí ó wà nínú olówó kan

Ìrọ̀rùn àpapọ̀ ní iye tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Broadcom parí rírà VMware. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ó fi òpin sí títa àṣẹ ìlò tí a ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì jẹ́ ti olùrà títí láé. Sísan owó láti ìgbà dé ìgbà ni ó rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ké gbàjarè pé owó tí a bù fún wọn ti ga jù. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T pàápàá gbé Broadcom lọ sí ilé ẹjọ́ ní ọdún 2024 lórí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹ̀rọ, kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Cisco pẹ̀lú gbé ẹ̀rọ àdàpọ̀ HyperFlex jáde ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ó kéde pé títà rẹ̀ yóò dópin. Àwọn tí ó rà á kò ṣẹ̀. Wọ́n kàn bá ara wọn níbi tí ẹlòmíràn ti ń pinnu fún wọn ni.

Àwọn kan ní kí oníṣòwò má ra ẹ̀rọ rárá, kí ó háyà àyè nínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn lókè òkun. Ìyẹn náà dára ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì mẹ́hẹ ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan iṣẹ́ àwọn ilé ìfowópamọ́. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ wà ní òdìkejì odò gbọ́dọ̀ ronú nípa afárá.

Ohun tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ béèrè

Kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tàbí oníṣòwò tó fọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kí ó béèrè ìbéèrè márùn-ún. Ta ni yóò dáhùn bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ní òru? Èló ni a ó máa san lọ́dọọdún lẹ́yìn owó àkọ́kọ́? Iná mànàmáná àti ìtútù tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ tọ̀sán-tòru, ta ni yóò pèsè rẹ̀? Ibo ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ mìíràn wà? Nítorí pé ẹ̀dà tí ó wà nínú ilé kan náà kò ní yè bí iná bá jó ilé. Ìkarùn-ún ni ó ṣe pàtàkì jù: bí a bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ olùtajà yìí, báwo ni a ó ti kó ẹrù wa jáde?

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwé ńlá àtijọ́ ní àléébù tirẹ̀: ìkán lè jẹ ẹ́, òjò sì lè pa á. Ṣùgbọ́n akọ̀wé mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà. Ẹ̀rọ yòówù tí a bá rà, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ dìde ní ìpàdé, kí ó béèrè láìtijú pé: lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà?